Pípa iná Check Engine kọ́ ni àtúnṣe: ọ̀rọ̀ fún gbogbo ẹni tó ń wa jíìpù létí òkun Àgbádárìgì

1/
Ẹ̀yin tèmi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ mọ́tò lónìí. Mo mọ̀ pé fídíò etí òkun lẹ ń retí lọ́wọ́ mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Iná Check Engine ni, iná pupa rúsúrúsú yẹn tó máa ń tàn, tó máa ń kú, tó tún máa ń tàn. Ó gùn díẹ̀ o. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

2/
Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ sanwó fún ẹni tó máa wá ìdí àìsàn mọ́tò. Páàtì la máa ń fẹ́ sanwó fún, torí pé páàtì ṣeé fojú rí. Ohun tó ń gbọ́n owó lọ lápò wa nìyẹn. Tèmi tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí èmi àti ìyá mi.

3/
Jíìpù bàbá mi ni mò ń lò fún iṣẹ́. Toyota 4Runner ọdún 2005, tọ́kunbọ̀, ẹ́ńjìnì V6 oní 4.0. Tó o bá fẹ́ gbé kámẹ́rà àti àwọn nǹkan iṣẹ́ dé etí òkun, ọkọ̀ kékeré á kàn rì sínú iyanrìn ni. Jíìpù yìí ò kọ iyanrìn, kò kọ ẹrẹ̀. Gbogbo ilé ló fẹ́ràn ẹ̀.

4/
Sátidé kan, èmi àti màámi ń lọ síbi ìgbéyàwó. A ti kọjá Aradagun, a ò tíì dé Àgbárá. Ọkọ̀ akóyanrìn kan ń wọ́ lọ níwájú wa, mo yà sósì kí n lè kọjá ẹ̀, mo sì tẹ iná.

Mọ́tò ò lọ.

Mo tẹ iná dé ilẹ̀, kò lọ. Ó kàn ń kùn bí ẹni tí oorun ń kùn. Iná mẹ́ta tàn lẹ́ẹ̀kan náà: Check Engine, VSC TRAC, VSC OFF. Tirélà kan wà lẹ́yìn wa tó ń sáré bọ̀.

5/
Ẹ ò lè mọ bí fèrè tirélà ṣe máa ń rí létí ẹni tí mọ́tò ẹ̀ ò fẹ́ lọ. Màámi pariwo, wọ́n di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tí mo fi ń wakọ̀ gan-an! Bí mo ṣe rọ́nà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, Ọlọ́run ló yé. Tirélà yẹn gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, atẹ́gùn ẹ̀ mi jíìpù wa jìgìjìgì.

6/
Mo pa ẹ́ńjìnì. Ara mi ń gbọ̀n. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sítáàtì ẹ̀ padà, ó sì ń sáré bí ẹṣin! Agbára ẹ̀ pé pérépéré. Check Engine ṣì ń tàn, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, òun náà kú fúnra ẹ̀.

Bàbá mi ní, "Ṣé iná ti kú? Ó ti tán nìyẹn." Ibẹ̀ gan-an ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀.

7/
Ohun tí a ò mọ̀ nígbà náà rèé. Iná yẹn lè kú kí àìsàn ṣì wà níbẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà mọ́tò ò bá rí àṣìṣe náà mọ́ fún ìrìn mẹ́ta léraléra, á pa iná fúnra ẹ̀. Àmọ́ kò tíì gbàgbé. Kóòdù àṣìṣe yẹn ṣì wà nínú ẹ̀, ó sì máa ń tó ìgbà 40 tí ẹ́ńjìnì bá gbóná tó sì tutù láìsí àṣìṣe kó tó nù ún. Ẹni tí ibà ẹ̀ rọlẹ̀ láàárọ̀ lè máa gbọ̀n lálẹ́.

8/
Ó tún ṣẹlẹ̀. A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àkọ́kọ́. Kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi ní, "Pọ́lọ́ọ̀gì ni." A ra pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́fà, a ra kọ́ìlì méjì. Ọ̀sẹ̀ kan péré, iná padà.

Ẹnì kejì ki máṣíìnì bọ abẹ́ sitẹ́ríǹgì, ó tẹ nǹkan kan, iná kú. ₦5,000. Ó ní, "Mo ti clear ẹ̀." Ọjọ́ kẹrin, iná padà.

9/
Ẹnì kẹta ní throttle ni. A ra throttle tọ́kunbọ̀, ó wọ̀ ọ́. Ẹ wò ó, odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni jíìpù yìí fi ṣe dáadáa! Mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé a ti rí mẹkáníìkì gidi. Ọjọ́ kẹwàá, nínú òjò, iná mẹ́ta tàn. (Ẹ má gbàgbé ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí, mo máa padà sí i.)

Láàárín ìyẹn, a tún ra bátìrì tuntun, torí pé mọ́tò máa ń fà tí a bá ń sítáàtì ẹ̀ láàárọ̀.

10/
Ẹnì kẹrin ní brain box ló bàjẹ́. Nígbà tó máa fi di àsìkò yẹn, a ti ná ₦210,000, bàbá mi sì ti fẹ́ lọ yá owó brain box. Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àbí? Orí gan-an la ti fẹ́ bẹ́ yìí.

11/
Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹnikẹ́ni ò bi wá pé, "Ìgbà wo ló máa ń ṣe é?"

Kí n má purọ́, àwa náà ò bi wọ́n pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni?" Ìbéèrè kan ṣoṣo la máa ń bi wọ́n: "Èló ni?"

12/
Ọ̀rẹ́ mi kan ló júwe bàbá rìwáyà kan fún wa nínú Àgbádárìgì níbí. Ẹ̀gùn ni bàbá náà, abẹ́ igi ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Kò ní páàtì kankan tó ń tà. A débẹ̀, kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fà bẹ́ǹṣì fún bàbá mi, ó ní kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ẹ́ńjìnì gbígbóná ni tàbí tútù?"
"Ṣé òjò ti rọ̀?"
"Ṣé ó máa ń ṣe é lórí títì tó dán, àbí tó bá kó sí kòtò?"
"Tẹ́ ẹ bá pa á tẹ́ ẹ tún sítáàtì ẹ̀, ṣé agbára máa ń padà?"

13/
Mo ní, "Bàbá, mo ní fídíò ẹ̀." Torí pé ẹ mọ iṣẹ́ mi, kò sí ohun tí mi ò kì í ya. Mo ti ya dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn lẹ́ẹ̀mẹfà, déètì sì wà lórí gbogbo ẹ̀. A jọ wò ó. Mẹ́rin nínú mẹ́fà bọ́ sí ọjọ́ kejì tí a lọ sí etí òkun. Méjì tó kù bọ́ sí ọjọ́ òjò.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, o ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́."

14/
Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó mú kí bàbá mi yọjú. "₦10,000 lowó yíyẹ̀wò. Bí mo bá rí i, ẹ ó san án. Bí mi ò bá rí i, ẹ ó san án. Owó àtúnṣe yàtọ̀."

Bàbá mi ní, "Owó kí ni? O ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti san ₦210,000 fún àfojúdá, a ò bínú. ₦10,000 fún ìwádìí ló wá ń dùn wá.

15/
A gbà. Bàbá mú mítà. Ẹ́ńjìnì wà ní pípa, bátìrì ka 12.6 fólítì. Ó dáa. A sítáàtì ẹ̀, ó ka 14.1. Ó dáa, alternator ń ṣiṣẹ́.

Ó wá fi ẹnu mítà kan sórí négétíìfù bátìrì, ó fi ìkejì kan irin ẹ́ńjìnì gan-an, ó ní kí n sítáàtì ẹ̀. Nọ́ńbà tó yọ ju 1 fólítì lọ. Ó ní, "Ìdajì fólítì kò yẹ kó tó. Iná ń pàdánù lójú ọ̀nà."

16/
Wáyà earth ni, wáyà tó so ẹ́ńjìnì mọ́ ara mọ́tò àti bátìrì, tí iná ń gbà padà sílé. Lójú lásán, ó dúdú, ó nípọn, kò já. Bàbá tú nọ́ọ̀tì ẹ̀. Abẹ́ ẹ̀ funfun, ó sì ní àwọ̀ ewé, bí ẹni da atare àti iyọ̀ pọ̀. Ó la rọ́bà wáyà náà díẹ̀, inú ẹ̀ ti jẹrà. Ìdí tí mọ́tò fi ń fà láàárọ̀ nìyẹn. Bátìrì tí a rà ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

17/
Ó tún yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì throttle. Eyín kan nínú ẹ̀ ti dípẹtà, àwọ̀ ewé ló ní.

Ẹ rántí ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn? Bàbá ṣàlàyé ẹ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì kẹta ń pààrọ̀ throttle, ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì kì í padà. Yíyọ àti kíkì yẹn ló ha ìpẹtà kúrò díẹ̀. Ó fara kanra fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Throttle tuntun kọ́ ló wo jíìpù wa sàn, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fọwọ́ kàn ni.

18/
Báwo ni ìpẹtà kékeré ṣe ń gba agbára ẹ́ńjìnì? Nínú jíìpù irú èyí, tó o bá tẹ iná, kì í ṣe okùn lo ń fà. Sẹ́ńsọ̀ ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé o tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ló sì ń rán mọ́tò kékeré kan pé kó ṣí throttle. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló ń ṣọ́ bí throttle ṣe ṣí tó, kí ọ̀kan lè jẹ́ ẹlẹ́rìí fún èkejì. 5 fólítì péré ni wọ́n fi ń bára sọ̀rọ̀, nítorí náà ìdínkù díẹ̀ ti pọ̀ jù.

19/
Tí ọ̀rọ̀ àwọn sẹ́ńsọ̀ méjèèjì ò bá bára mu, kọ̀ǹpútà ò mọ èyí tó ń parọ́. Ó máa yan ààbò. Á gé iná tó ń lọ sí throttle, sípíríǹgì á dá a padà sí ibi tó ṣí díẹ̀, wàá kàn máa wọ́ lọ. Ó sì máa wà bẹ́ẹ̀ títí o fi máa pa ẹ́ńjìnì. Ìdí tí agbára fi padà nígbà tí mo pa á tí mo tún sítáàtì ẹ̀ nìyẹn.

Iná VSC méjì yẹn náà ò bàjẹ́. Tí Check Engine bá tàn nínú irú ọkọ̀ yìí, kọ̀ǹpútà máa ń yọ VSC kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àìsàn kan, iná mẹ́ta.

20/
Kóòdù tí máṣíìnì kà ni P2135. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé fólítì sẹ́ńsọ̀ méjì kò bára mu. Ibo ló ti sọ pé kẹ́ ẹ ra throttle? Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni kóòdù, kì í ṣe adájọ́. Ó ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà rí, ìwọ lo máa wádìí ẹni tó ṣe é. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀, ó lè jẹ́ wáyà, ó lè jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lè jẹ́ earth.

21/
Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ètò OBD-II. Yúróòpù náà ṣe é fún ọkọ̀ elépo bẹntiróòlù láti 2001. Nítorí náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ tọ́kunbọ̀ tó wà lórí títì wa ló ní ihò máṣíìnì yẹn lábẹ́ sitẹ́ríǹgì. Ẹ̀rọ kékeré oní Bluetooth tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ wà lọ́jà, owó ẹ̀ ò pọ̀. Ìwọ náà lè ka kóòdù mọ́tò ẹ fúnra ẹ.

22/
Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń bí mi nínú jù: "Mo ti clear ẹ̀."

Nígbà tí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà máa ń kọ bí nǹkan ṣe rí ní ìṣẹ́jú yẹn sílẹ̀: ìyára ọkọ̀, bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí tó, bó ṣe gbóná tó. Ẹ máa rí i níbi tí máṣíìnì kọ Freeze Frame sí. Tí ẹnikẹ́ni bá tẹ clear kó tó kà á, gbogbo ẹ̀ ti lọ. Bí ìgbà tí olè wọlé, tí ẹ wá fi omi fọ ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé ni. Kẹ́ ẹ tún wá san ₦5,000 fún ẹni tó bá yín fọ̀ ọ́.

23/
Àwa ará etí òkun gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́yà ló ń ṣe. Atẹ́gùn wa níyọ̀ nínú. Iyọ̀ máa ń fa omi mọ́ra, omi oníyọ̀ sì máa ń gbé iná, ó máa ń jẹ bàbà àti irin. Á wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, á fara pamọ́ síbẹ̀. Ìrì òwúrọ̀ á jí i, oòrùn á gbẹ ẹ́, mọ́tò á ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ìdí tó fi ń lọ, tó ń bọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ayé.

(Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnì kan nílé wa ti ń sọ pé ayé ni.)

24/
Tí tìẹ náà bá ń tàn tó ń kú, tí agbára ń lọ tó ń bọ̀, ṣe báyìí, kó o tẹ̀ lé e ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé:

• Ya dáṣíbọ́ọ̀dù ní fídíò. Kọ ọjọ́, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, gbígbóná tàbí tútù, ìyára, bóyá AC wà ní títàn. (Kí ẹni tó jókòó tì ọ́ yà á. Tó o bá dá wà, dúró kó o tó yà á.)
• Ka kóòdù àti Freeze Frame, ya fọ́tò ẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́ kó o tó yà á.
• Wọn bátìrì: nǹkan bíi 12.6 tí ẹ́ńjìnì bá wà ní pípa, láàárín 13.5 sí 14.5 tó bá ń ṣiṣẹ́.

25/
• Wọn earth bí bàbá ṣe wọ̀n ọ́, nígbà tí ẹlòmíì bá ń sítáàtì ẹ̀.
• Jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ ní ìdúró, kó o rọra máa mi wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Yẹra fún fáànù àti bẹ́líìtì o! Ibi tí ẹ́ńjìnì bá ti kọ́sẹ̀, ibẹ̀ ni kó o wò.
• Yẹ fíltà atẹ́gùn wò, iyanrìn etí òkun máa ń dí i. Bi ara ẹ léèrè ibi tó o ti ra epo gbẹ̀yìn, torí pé omi nínú epo náà máa ń gba agbára ẹ́ńjìnì.
• Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kẹ́ ẹ tó dárúkọ páàtì.

26/
Tí Check Engine bá ń ṣẹ́jú, tó ń tàn-kú tàn-kú ní kíákíá, tí ẹ́ńjìnì sì ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Epo tí kò jó ń lọ sínú èéfín, ó lè jó catalytic converter. Wá ibi tó dáa, kó o dúró. Èyí tó tàn gbọnrangandan lè jẹ́ kó o délé, àmọ́ tí agbára bá ti ń lọ, má gbé e gba ọ̀nà tirélà. Mo fi ojú mi rí i.

Tó o bá ti inú omi iyọ̀ jáde, fi omi tútù ṣan abẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Má yin omi líle sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

27/
Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ: "Àwọn mẹkáníìkì yìí, olè ni gbogbo wọn." Mi ò gbà. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe sí wọn. Ẹni tó lo wákàtí mẹ́ta láti wá wáyà kan tó jẹrà, a ó fún un ní ₦2,000, a ó ní, "Ṣebí wáyà lásán ni." Ẹni tó sọ pé ká ra throttle, a ó san owó throttle, a ó san owó iṣẹ́, a ó tún kí i pé ó kú iṣẹ́. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, èwo lo máa yàn? Àwa la kọ́ wọn láti máa méfò.

28/
Àwọn mìíràn máa ní, "Kò sówó ìwádìí, nǹkan le." Nǹkan le lóòótọ́. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ìwádìí, ₦10,000. Wáyà earth tuntun, sáńpépà, oògùn tí wọ́n fi ń fọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, gíríìsì, owó iṣẹ́, ₦15,000. Gbogbo ẹ̀ ₦25,000. Ẹni tí kò lówó ni kò yẹ kó méfò, torí pé kò ní èyí tó máa fi ṣòfò.

29/
Oṣù karùn-ún rèé, iná kankan ò tàn. Láàárọ̀, ẹ́ńjìnì ò fà mọ́. Kọ́ìlì àtijọ́ méjèèjì, throttle àtijọ́ àti bátìrì àtijọ́ wà nínú gáréèjì wa, gbogbo wọn ló ṣì dáa. Tí bàbá mi bá ti rí wọn, wọ́n á kàn mi orí.

30/
Nígbà míì tó o bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Èló ni?" Sọ pé: "Ọ̀gá, ẹ bá mi wá ìdí ẹ̀. Màá sanwó ìwádìí. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fi hàn mí lórí mítà." Ẹni tó bá mọṣẹ́ á dùn láti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá bínú, o ti mọ ohun tó yẹ kó o mọ̀.

Màámi ò tíì jókòó síwájú jíìpù yẹn láti ọjọ́ yẹn o. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí. Tí mo bá fẹ́ kọjá ọkọ̀ kan báyìí, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń gbàdúrà lẹ́yìn mi.

Ẹ pín in fún ẹni tí iná ń tàn lójú mọ́tò ẹ̀ tó ń sọ pé, "Ó máa kú tó bá yá."